Gbodo Orí Àpáta

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, mú gbodo méjì lórí àpáta, ó fi ọ̀kan lu èkejì létí mi, ó ní kí n gbọ́. Gbodo tó bá ti gbẹ máa ń dún kokoko bí òkúta. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dún bẹ́ẹ̀. Ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì wọn sókè kí oòrùn lè rí i, ó sì ní tó bá di ọ̀la, wọn yóò dún.

Ní Ṣakí wa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lórí àpáta tó wà lẹ́yìn àdúgbò. Òkúta wẹ́wẹ́ la fi ń pààlà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo àpáta á funfun fún iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná mọ́jú, tí wọ́n wá sá kó lè di gbodo. Òórùn èéfín igi àti ti iṣu á gba gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lé ewúrẹ́.

Ìyá àgbà kì í bó iṣu títí ọyẹ́ yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ní oòrùn nìkan kò tó láti mú gbodo gbẹ, atẹ́gùn ló ń parí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú síhà Kìṣí, níbi tí ọyẹ́ ń gbà wá, á la ẹnu díẹ̀. Bí ètè rẹ̀ bá tètè gbẹ, á rẹ́rìn-ín, á ní ká gbé omi kaná. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé atẹ́gùn ni ìyá fi ń ṣínu. Síbẹ̀, kò sí èyí tó ń bó iṣu ṣáájú rẹ̀ nínú wọn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà ni. Òjò tètè dá, iṣu kò ta dáadáa, bàbá àgbà sì ti kú kí a tó wà á. Ohun tó wà nílẹ̀ kò lè tó jẹ kó tún tó gbìn. Ìyá àgbà bá pinnu pé òun á kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, àti èbù tí à bá fi pamọ́. Bó bá gbẹ, a ó jẹ díẹ̀, òun á fi ìyókù pààrọ̀ èbù tó dáa lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Kìṣí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká dá èbù sí.”

“Èbù tó kéré báyìí, kí ló fẹ́ ta? Ọyẹ́ ti dé. Ṣé o ò rí i lára rẹ ni?”

Òótọ́ ló sọ. Ara gbogbo wa ti funfun, gìgísẹ̀ wa ti sán.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó lu gbodo létí mi ni atẹ́gùn yí padà. Mo jí, òógùn wà lọ́rùn mi. Ètè tó ti ń ta mí kò ta mí mọ́, inú mi sì dùn, mo sáré lọ sọ fún ìyá àgbà. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìhà Ìṣẹ́yìn ló kọjú sí, níbi tí ọyẹ́ kì í gbà wá.

Ìkùukùu bo oòrùn. A kó ohun tí a lè kó wọlé, a tò ó sórí ẹní, sórí pẹpẹ, títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀ nígbà tí iṣu wà nínú ebè wá rọ̀ sórí àpáta. Inú ilé ń móoru. Gbodo bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, ó hu irun funfun, irun náà di àwọ̀ ewé. Ìyá àgbà ń fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yá a níná, òórùn kíkan náà sì ń le sí i. Nígbà tí ọyẹ́ yóò fi padà dé, ewúrẹ́ gan-an kò yà sí i mọ́. Gbodo àwọn ilé yòókù bàjẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣu nílẹ̀. Àwa kò ní.

Ó jókòó sórí àpáta náà, ó bi èmi ọmọdé pé, “Kí ni mo ṣe tí Ọlọ́hun fi bá mi wí tó báyìí?”

Ó wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri nínú ara rẹ̀. Ó ní bóyá nítorí èbù olóògbé tí òun sè ni, tàbí ààwẹ̀ kan tí òun jẹ tí òun kò tíì san. A kò gbin iṣu lọ́dún náà. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Ìbàdàn kí ẹnu tó ń jẹun lè dín kù. Ìyá àgbà kú kí n tó padà wálé. Bàbá mi ní títí ó fi dákẹ́ ló ń tọrọ àforíjì.

Ilé ìwé Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ mi pé oòrùn kì í mú gbogbo ayé gbóná bákan náà, pé ìyẹn ló ń ti atẹ́gùn kiri. Èyí tó ti aṣálẹ̀ wá gbẹ, èyí tó ti òkun wá ru omi. Àwọn méjèèjì ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn lókè orí wa lọ́dọọdún, ìgbà míì sì wà tí ti òkun á tún gòkè wá fún ọjọ́ díẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Mo bú sẹ́kún nínú kíláàsì. Olùkọ́ rò pé orí ló ń fọ́ mi.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ìbànújẹ́ á bá mi, kò sì sí ẹni tó lè ṣìpẹ̀ fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí ǹ bá bá ìyá tó bí bàbá mi sọ kò gùn rárá: “Kì í ṣe ẹ̀yin, ìyá mi. Atẹ́gùn òkun ni.” Ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí mo sunkún ní kíláàsì. Kò gbọ́ ọ kó tó lọ.