Lẹ́tà Tí Ọba Kò Ṣí

Kí Olúṣọlá Akínbọ̀dé tó di ẹni tó ń fi ọ̀dà kun irin ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Moncalieri, lẹ́bàá ìlú Torino ní ilẹ̀ Italy, ó ti fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkirè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà kì í pe orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó dé Torino lọ́dún 1990, orúkọ yẹn kò bá a dé ibẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ń pè é ní Sola, bí ẹni ń pe ọmọdé, kò sì bínú, nítorí ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ní in nínú láti rí òun fín.

Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ jù ni pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́ kíláàsì kẹta nípa bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe gba òmìnira lọ́wọ́ Ìlú Ọba. Á kó ọmọ mẹ́tàlá jọ sẹ́yìn òpó gólù kan, kálukú wọn á sì dúró fún ilẹ̀ kan: Massachusetts, Virginia, Georgia, títí wọ́n á fi pé mẹ́tàlá. Á gbé ọmọ kan jókòó sórí àga lẹ́yìn òpó gólù kejì. Ọba nìyẹn. Koríko tó wà láàárín wọn ni òkun. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́tà lọ kò gbọdọ̀ sáré. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á ka ení dé àrún, kó tó gbé òmíràn.

"Oṣù kan sí méjì ni ọkọ̀ ojú omi ń lò lórí òkun," Tíṣà á wí. "Kí èsì tó dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà."

Nínú oòrùn yẹn, bí wọ́n ṣe ń dúró de èsì tí kò tètè dé, ni àwọn ọmọ ti máa ń mọ bó ṣe ń rí kí ẹni tí kò rí ọ rí máa ti òkèèrè ṣòfin fún ọ, kó máa bu owó-orí lé tíì rẹ àti bébà rẹ, láìbi ọ́ léèrè.

Lọ́dún 1979, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúrónkẹ́ ni ọba. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi bẹ̀bẹ̀ lọ́dún 1775, kí ogun tó ti bẹ̀rẹ̀ má bàa le sí i. Ọba kọ̀, kò tilẹ̀ gbà á. Tíṣà ti ṣàlàyé èyí fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n Olúrónkẹ́ wo ọmọ tó gbé lẹ́tà wá, ó rí bí òógùn ṣe bò ó, ló bá ṣí i, ó kà á, ó sì kígbe pé, "Ó tó! Mo ti gbọ́! Ẹ má san án mọ́!" Àwọn ilẹ̀ mẹ́tàlá hó yèè, wọ́n sì tú ká. Tíṣà di orí mú.

"O ti ba ìtàn jẹ́!"

Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, Olúrónkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ lẹ́bàá ọjà Porta Palazzo ní Torino, Tíṣà sì máa ń yà síbẹ̀ ní Sátidé láti ra gàrí. Òun nìkan ló ṣì ń pè é ní Tíṣà ní gbogbo ìlú náà.

Lọ́dún 1996 yẹn, ọ̀dà ti gbé ikọ́ wọ Tíṣà láyà. Dókítà sọ fún un pé kó kúrò nídìí iṣẹ́ náà kí òtútù tó tún dé. Yéjídé, ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kan ń wá bidello, ẹni tí yóò máa ṣí géètì, tí yóò máa tún kíláàsì ṣe, tí yóò sì máa lu aago. Àwọn sísítà rí Tíṣà, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ní licenza media, ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń gbà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó gbé wá láti ilé ṣì ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, òǹtẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì pé. Tíṣà wá di akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó ń lọ sí scuola serale, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ àwọn àgbàlagbà, ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn sísítà ṣèlérí láti fi àyè náà sílẹ̀ dè é títí di òpin oṣù kẹfà. Bó bá fìdí rẹmi, ìdí ọ̀dà ló ń padà sí.

Fún ìdánwò àfẹnusọ, òmìnira Amẹ́ríkà ló mú. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin lédè Italy, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Iyìolúwa, bá a tún un ṣe, ó sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Ó kà á fún Olúrónkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ̀ ń kà á bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pápá wá dà? Lẹ́tà dà?"

"Ìdánwò ni, Olúrónkẹ́. Kì í ṣe eré."

"Eré yẹn nìkan ni mo rántí o. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ kọ sójú pátákó, ẹyọ kan ò sí lórí mi."

"O rántí ẹ̀ torí pé ìwọ lo bà á jẹ́."

"Mo tún un ṣe ni, sà!"

Ní ọjọ́ ìdánwò, olùkọ́ mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì. Olórí wọn ni Professoressa Marenco, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin níbẹ̀, ẹni tó ti ń hu ewú. Tíṣà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn méjì jáde. Ẹ̀kẹta pòórá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dé ibi kan náà, ó tún pòórá. Obìnrin náà ní kó fara balẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Tíṣà dìde. Ó bẹ Professoressa pé kó lọ jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ̀yin ni ọba," ó wí.

Ẹnu ya àwọn méjì tó kù, ṣùgbọ́n obìnrin náà gbé àga rẹ̀, ó lọ. Tíṣà fa bébà kan yọ lápò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn: ẹsẹ̀ kan, ení dé àrún, ẹsẹ̀ kan. Bó ṣe ń rìn ló ń sọ ìtàn. Kò nílò ọ̀rọ̀ tó há sórí mọ́. Èyí tó kọ́ nínú bọ́ọ̀sì àti nídìí iṣẹ́ ti tó o: jìnnà, san, dúró, ọ̀gá kò gbọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọba, ó na bébà sí i.

Professoressa Marenco gbà á, ó sì ṣí i.

Ìgbà náà ni Tíṣà rántí bébà tó jẹ́. Ìwé dókítà ni, tó fẹ́ mú lọ fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ikọ́ àti ọ̀dà wà níbẹ̀. Obìnrin náà ń kà á lọ, ojú rẹ̀ sì ti ń yí padà. Bí Tíṣà bá dákẹ́, àánú nìkan lè gbé e yege. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Professoressa," ó wí, "ọba kò ṣí i."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó ká bébà náà bó ṣe wà, ó dá a padà fún un.

"Òótọ́ ni. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Tíṣà sọ ti ìwé òmìnira tí wọ́n kọ ní oṣù keje ọdún 1776, ó sọ ti ogun náà àti iye ọdún tó gbà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, wọn kò sì fi ọ̀kankan rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èyí tó kẹ́yìn ni pé ṣé inú gbogbo ará Amẹ́ríkà ló dùn.

"Rárá," ó dáhùn. "Ilé ni wọ́n ti máa ń pe Ìlú Ọba, títí kan àwọn tí kò débẹ̀ rí. Ó dun àwọn mìíràn títí wọ́n fi kú."

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri. Sufficiente ló gbà, máàkì tó kéré jù tí èèyàn lè fi yege. Yéjídé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Bàbá Iyìolúwa! Nínú ìtàn? Ẹ̀yin?"

"Èdè mi ò tò. Bó bá jẹ́ èmi ni olùkọ́ náà, mi ò ní fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó tẹ Olúrónkẹ́ láago. "Ọba tún ṣí lẹ́tà o."

"Mo sọ fún yín! Ó ṣàánú yín, àbí?"

"Mo gbà á padà. Mo ní kò ṣí i."

"Tíṣà, ẹ ò lè yí padà láéláé."

Ní oṣù kẹsàn-án, Tíṣà lu aago àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sísítà. Bọ́tìnnì lásán ni, kì í ṣe ríìmù ọkọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sábẹ́ igi máńgòrò bíi ti Ìkirè. Àwọn ọmọ tú jáde sí ọgbà. Tíṣà dúró lẹ́nu géètì, ó sì fi ojú wọn ibẹ̀ dé ògiri kejì. Kò tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́tàlá lè dúró síbẹ̀ dáadáa, kí àyè àga kan sì tún ṣẹ́ kù.