Okùn Módẹ̀mù Lọ́jọ́ Ìsìnkú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún yín, torí ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Bí mo bá ṣì í kọ níbì kan, ẹ fojú fò ó.

Sàláfù, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí, wà ní Kánádà. Òun ló ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì kan sórí òrùlé wa ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin níbí, kí wọ́n fa okùn rẹ̀ wọnú módẹ̀mù ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, kí wọ́n sì kan kámẹ́rà kékeré tó ń sọ̀rọ̀ mọ́ ògiri pálọ̀. Láràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń jáde lára ògiri: "Ìyá, ẹ jí ire?" Ìyá á jókòó sórí àga igi wọn, wọ́n á sì jọ máa tàkúrọ̀sọ.

Èmi ńkọ́? Ẹ̀rù módẹ̀mù yẹn ń bà mí. Iná tó ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, ta ló mọ ohun tó ń wò? Bí mo bá máa kàn án, àfi kí n wọ bàtà rọ́bà, kí n fi igi gbígbẹ tì í. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Àbúrò, kò tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ o."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá ò jí. Mo pe Sàláfù. Ó sunkún, kò sì béèrè ju nǹkan kan lọ: kí a gbé Ìyá síwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó fi aṣọ funfun bo ojú wọn, kí òun lè rí ojú náà. Lèmọ́mù ní kò burú, ṣùgbọ́n bí a bá ti kírun Alásàrí tán, a ó gbé wọn lọ. Ẹ mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́.

Yàrá Ìyá ni wọ́n ti fẹ́ wẹ̀ wọ́n. Àwọn obìnrin ní kí n gbé módẹ̀mù kúrò kí omi má bàa kàn án. Mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo yọ àwọn okùn, mo gbé e lọ sí pálọ̀, mo sì dá okùn kọ̀ọ̀kan padà sí ihò. Ihò ni ihò, àbí?

Wọ́n gbé Ìyá jáde, ojú wọn mọ́ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Sàláfù pè mí, èmi àbúrò ìyá rẹ̀ tó máa ń pè ní tọ́ntọ́n. "Tọ́ntọ́n, mi ò rí nǹkan kan. Ṣé wífì wà lórí fóònù yín?"

Mo wò ó. "Ó wà. Ó kún dáadáa."

"A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni wàhálà wà."

Ó pa tirẹ̀, ó tún un tàn. Ó ní kí n yọ módẹ̀mù kúrò nínú iná, kí n tún fi í sí i. Mo gbé igi gbígbẹ mi. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń sunkún wò mí: "Bàbá, ṣé ejò lẹ fẹ́ pa ni?" Asán ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Mo ní kí n ya fọ́tò, kí n lọ fi ránṣẹ́ lẹ́bàá ibùdó rélùwéè, torí ìpè lásán ni nẹ́tíwọ́kì ilé wa lè gbé. Ó ní rárá. "Mo fẹ́ kí èmi náà wà níbẹ̀, tọ́ntọ́n."

Oòrùn ń lọ. Lèmọ́mù wò mí. Mo gbé fóònù sí etí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì gbọ́ ohùn Sàláfù nínú rẹ̀: "Ìyá, ẹ jí ire?" Ó dúró de ìdáhùn, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

Wọ́n bo ojú Ìyá.

Nígbà tí a ti ibi sàréè dé, ó tún pè. Ó béèrè ohun tí kò béèrè tẹ́lẹ̀: ṣé ẹnì kankan gbé módẹ̀mù kúrò níbi tó wà ni? Mo ní èmi ni.

"Okùn tó ti orí òrùlé wá, ihò wo lẹ fi í sí? Ọ̀kan ṣoṣo ló ní àwọ̀ búlúù, ibẹ̀ ló yẹ kó wà."

Kì í ṣe búlúù ni mo fi í sí. Ó ṣàlàyé pé wífì tí mo rí yẹn, inú ilé nìkan ló mọ. Kò rọ́nà jáde. Mo fi ọwọ́ lásán fa okùn náà yọ, láìwọ bàtà, mo fi í sí búlúù.

Ohùn jáde lára ògiri. "Mo ti ń rí yín, tọ́ntọ́n."

Kí ló rí? Èmi, àti àga tó ṣófo. Kò bú mi. Ó ṣe mí bíi pé kó bú mi.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fi okùn àti ihò rẹ̀ hàn yín lọ́jọ́ tí ọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé nǹkan kúrò níbi tó wà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, n ó kà á. Àárọ̀ nìkan ni kí ẹ má retí mi. Orí àga ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń wà nígbà náà, níwájú kámẹ́rà. Sàláfù á béèrè bóyá mo jí ire, èmi á sì dá a lóhùn.