Abẹ́rẹ́ Ìyá Ọlọ́tí Mọ́kọ́lá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láì wọ jígí, ìyá kan ń ta ọtí ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá ní ọlọ́tí ló jẹ́ kí n dàgbà, ẹ ó rò pé èmi náà ti mu díẹ̀ sára. Ẹ fara balẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá náà ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọtí títà. Wọn kì í ṣí ìgò fún ẹni tí kò tíì jẹun. Bí o bá sì gbé mọ́tò wá, kọ́kọ́rọ́ rẹ á kọ́kọ́ wọnú abọ́ wọn kí bíà tó dé iwájú rẹ. Tí o bá fẹ́ máa lọ, wọ́n á na abẹ́rẹ́ àti òwú sí ọ. Bí òwú bá wọlé, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ. Bí kò bá wọlé, takisí yá, ó di ọ̀la kí o tó wá gbé ọkọ̀. Ọ̀gá báńkì ni o, mẹkáníìkì ni o, kò sí ẹni tí wọ́n ń yọ sílẹ̀.

Tísà ni bàbá mi. Ọkọ̀ ìjàpá wọn, bí ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí mi nínú ilé. Lọ́sàn-án Sátidé kan tí wọ́n gba lẹ́tà ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ náà mú mi dání lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Èmi ń mu mínírà, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ìgò bàbá mi di méjì, ó di mẹ́rin. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, wọ́n ní ó yá, ká máa lọ sílé l'Agbówó. Ìyá gbé abẹ́rẹ́ àti òwú pupa fún wọn, wọ́n sì kọjá sọ́dọ̀ oníbàárà mìíràn.

Òwú gba ọ̀tún kọjá, ó gba òsì kọjá. Ni bàbá mi bá rọra na abẹ́rẹ́ sí mi lábẹ́ tábìlì. Mo fi itọ́ ètè mi rin òwú náà lẹ́nu, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Orí mi wú!

Ìyá padà dé, wọ́n yẹ abẹ́rẹ́ wò, wọ́n wá wo ẹnu mi. Àwọ̀ pupa ti ràn mọ́ mi létè.

“Ìwọ lo ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ṣé ìwọ lo máa wa mọ́tò?”

Bàbá mi fapá jánú. “Màmá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi o! Ṣé ọmọdé ni mí ni?”

“Ẹ kì í ṣọmọdé, Tísà. Ọmọdé lẹ mú dání. Ẹ bú mi lónìí, ẹ wá kí mi lọ́la.”

Ìyá fúnra wọn ló dá takisí dúró fún wa. A ò tíì dé Sángo tí òjò fi dé, kò sẹ́ni tó rí iwájú mọ́. Bàbá mi ti sùn lọ, orí wọn wà léjìká mi, wọ́n ń hanrun. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tí mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yẹn fà. Mo sunkún títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, láti ṣọ́ọ̀ṣì la ti gba ibẹ̀ lọ. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá náà, tàwọn ti aṣọ funfun.

Lónìí, mo máa ń rí àwọn tó ń jáde nílé ọtí ní Ring Road. Ẹni tó ti yó kẹ́ri á wọ mọ́tò, ọlọ́dẹ á ṣí géètì, á ní, “Ọ̀gá, ẹ máa rọra o.” Ó parí. Ìyá wa ti lọ, Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ oore wọn.

Bàbá mi ṣì wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́tìnnì já lára ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n gbìyànjú títí, ojú ò gbà. Ni wọ́n bá na abẹ́rẹ́ sí mi, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

“Tètè bá mi ki òwú bọ ọ́, kí Ìyá Ọlọ́tí tó rí wa.”