Géèmù Tí Àlàájà Bá Wa Gbá

Ní ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin sọ fún mi pé wọ́n ti tún àwọn géèmù kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe, pé wọ́n ti ń tà wọ́n padà fún kọ̀ǹpútà òde òní. Ó ṣí ibi tí wọ́n to orúkọ wọn sí hàn mí. Mò ń wò ó lọ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, àfi ìgbà tí mo rí ọ̀kan nínú wọn tí ọwọ́ mi dúró. Mo mọ àwòrán iwájú rẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rà á lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó ṣí, ọmọkùnrin náà tẹ̀ síwájú láti wò ó. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ. Igi inú rẹ̀ jọ ìdì ẹ̀fọ́.

"Mà, kí lẹ rí nínú eléyìí?" ó béèrè.

Mo ní ọ̀rọ̀ náà gùn, kó jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ wa ná.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdírì, mo ti ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, kò gbè mí, mo sì ń retí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nílé wa ní Ọ̀fà, ọmọ tó bá jókòó lásán yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹkù, ti ìlú Òyìnbó dé. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Àwọn ará ilé ń retí mọ́tò. Àpótí mẹ́ta ló kó dé. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń ké bí adìyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ó gba yàrá iwájú ilé bàbá mi, èyí tó kọjú sí ọ̀nà Ìjàgbó, ó ta kọ́tìnì sí i, ó tẹ́ rọ́ọ̀gì, ó sì kọ ọ́ sára pátákó pé òun ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, òun sì ń bá ènìyàn tẹ lẹ́tà. Ìyá mi ló fà mí lé e lọ́wọ́. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Òfin méjì ló wà ní yàrá yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé, nítorí eruku. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbá géèmù.

"Kọ̀ǹpútà iṣẹ́ nìyí," Àǹkù máa ń wí. "Ẹni tí mo bá bá nídìí géèmù, ilé ló ń lọ."

Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kó géèmù náà wá. Mo rí i nísàlẹ̀ páálí dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mẹ́ta tí wọ́n fi rọ́bà dè pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó lọ sí Ìlemọ̀nà láti wá iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, mo ki èkíní bọ ẹnu kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe irú géèmù tí wọ́n fi ń yìnbọn tàbí èyí tí wọ́n fi ń sáré mọ́tò. Ìrìn àjò ni. Wọ́n fún ọ ní ènìyàn mẹ́rin, ìwọ lo máa kó wọn láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á ra oúnjẹ, wọ́n á bá ẹranko jà, wọ́n á máa gbọ́n sí i, wọ́n á máa lágbára sí i, títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ oṣó kan tó sé odò mọ́ gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹkù bá ti jáde, tí kò sí oníbàárà nílẹ̀, inú ayé yẹn ni mò ń wà.

Àlàájà ló kọ́kọ́ ká mi mọ́ ọn. Ó ń ta aṣọ ní Owódé, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ. Ẹ̀yìn agbo ilé wa ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ni Àǹkù ṣe dàgbà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó mọ ìwé Yorùbá kà dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń ní òyìnbó òun kò ju èyí tí òun fi ń dá oníbàárà lóhùn lọ. Ó mú lẹ́tà ẹgbẹ́ wá kí n bá a tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àfi bíi mọ́ṣáláṣí," ó sì sálámà. Mi ò gbọ́. Ìgbà tí òórùn tùràrí ara aṣọ rẹ̀ dé imú mi ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn dúró lẹ́yìn mi.

"Àwọn wo nìwọ̀nyí?" ó béèrè.

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Géèmù ni mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Àǹkù."

"Mi ò béèrè géèmù. Mo ní àwọn wo nìwọ̀nyí, níbo ni wọ́n sì ń lọ?"

Mo ṣàlàyé. Mo fi jagunjagun hàn án, mo fi obìnrin tó ń woni sàn hàn án, mo fi onídán hàn án. Nígbà tí mo dé orí ẹnì kẹrin, mo ní olè ni.

"Olè kẹ̀? Ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ wá mú olè dání?"

"Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì pa mà."

"Oníkọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Má pè é lólè mọ́."

Oníkọ́kọ́rọ́ ló ń jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Àlàájà fa àga, ó jókòó. Mo wá sọ ìṣòro mi fún un. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti wà lójú kan. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró lórí afárá, ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa kó tó ní ká kọjá, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti tẹ gbogbo ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Àlàájà ní kí n kó wọn padà sínú ìlú kí òun rí i. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́bàá kànga, ó ní kí n dúró.

"Ṣé ìyá àgbà kọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Òun ni mà. Kò wúlò fún nǹkan kan. Wọ́n kàn fi í síbẹ̀ kí ìlú lè kún ni."

"Ṣé o ti kí i?"

"Rárá mà."

"Láti ọ̀sẹ̀ méjì lo ti ń gba ara àgbàlagbà kọjá, o ò kí i, o wá ń wá ọ̀nà."

Kò pariwo. Bí ìyá ṣe ń bá ọmọ wí lójú àlejò ló ṣe sọ ọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo kí ìyá náà. Ó dáhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun, ká máa lọ. Mo ní, ẹ ò rí i pé kò wúlò. Àlàájà ní kí n kí i lẹ́ẹ̀kan sí i, pé inú ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í tètè yọ́. Nígbà kejì, ìyá náà ní kò sí omi mọ́ nínú kànga. Nígbà kẹta ló wá sọ pé ọmọ òun ni ẹ̀ṣọ́ orí afárá, pé kò wálé wo òun mọ́, pé òun ṣì rántí orúkọ tí òun fi máa ń pè é nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó sì pe orúkọ náà.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Àlàájà. Ó mi orí. "Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Ta ni wọ́n máa fi oríkì tí ìyá rẹ̀ fún un pè tí kò ní yà lọ́nà?"

Mo sáré kó wọn padà sórí afárá. Àlàájà ní kí n jẹ́ kí òun tẹ orúkọ náà. Ó fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ̀ṣọ́ náà yà. Èmi àti Àlàájà wo ara wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. A gbàgbé lẹ́tà ẹgbẹ́ pátápátá. Ọjọ́ kejì ló padà wá gbà á.

Láti ìgbà náà, ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nígbà tí ọjà bá dákẹ́. A kí gbogbo ènìyàn tó wà nínú géèmù náà, a kí ajá pàápàá. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe báyìí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ya ojú ọ̀nà fún ọ. Ẹ̀yìn lẹ́tà tó bàjẹ́ làwa yà á sí, Àlàájà ló sì ń sọ ìlú lórúkọ. Abúlé tí wọ́n ti ń gbin iṣu, Òjòkú ló pè é, bí ìlú tó wà nítòsí wa. Ibi tí òpópónà méjì ti pàdé, ó ní ibẹ̀ jọ ìdí rélùwéè.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a ṣí géèmù náà, a ò bá àwọn ènìyàn wa nílé ìtura tí a fi wọ́n sí nígbà tí a dáwọ́ dúró. Inú irà kan tí a ò dé rí ni wọ́n wà. Jagunjagun ti fara gbọgbẹ́. Obìnrin tó ń woni sàn ti kú.

Àlàájà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. "Ta ló kó àwọn ọmọ yìí lọ sínú igbó?"

Mo búra pé èmi kọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó wo tábìlì Àǹkù. Kò pẹ́ tí Àǹkù fi wọlé, mo sì yára pa ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ọjà. Àlàájà wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà oko:

"Àbúrò mi, irà tó wà lódìkejì afárá yẹn, ṣé ó jìn?"

"Ó jìn gan-an ni mà," Àǹkù dáhùn. "Ejò ló kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni..."

Ó dúró. Ó wò mí, ó wo Àlàájà. Mi ò rí àgbàlagbà tí ojú tì bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù, kò sì bá wa wí nípa òfin kankan.

"Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ṣiṣẹ́ nílùú Òyìnbó," ó ní. "Gbogbo ènìyàn nílé rò pé ọ́fíìsì ni. Nígbà òtútù, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní bá mi sọ̀rọ̀ ju 'gbé e síbí, gbé e sọ́hùn-ún' lọ. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ ló fún mi ní géèmù yẹn. Mo wá mọ àwọn ará inú rẹ̀ ju àwọn tá a jọ ń gbé àdúgbò lọ. Ṣùgbọ́n mi ò dé òpin rẹ̀ rí. Inú irà yẹn ni mo máa ń kú sí. Nígbà tí mo rí i pé ẹ ti kọjá afárá, mi ò lè mú ọwọ́ mi dúró."

Mo ń wo rọ́ọ̀gì.

"Ta ló ní kó o dá a ṣe?" Àlàájà bi í. "Ènìyàn mẹ́rin ló ń rìnrìn àjò, ìwọ nìkan lo wá jókòó tì wọ́n. Fa àga rẹ wá síbí."

Báyìí ni òfin kejì ṣe yí padà: géèmù kò gbọdọ̀ wáyé tí oníbàárà bá wà nílẹ̀. Àǹkù mọ ogun jà, Àlàájà mọ ènìyàn, èmi ni mo ní ìka. Ìjà àkọ́kọ́ tí a jà láàárín ara wa jẹ́ nítorí obìnrin tó kú. Àǹkù ní ká gba ẹlòmíràn, pé irú rẹ̀ pọ̀ nílé ìtura. Àlàájà kò gbà.

"Ẹni tó ń tọ́jú gbogbo wa la máa fi sílẹ̀ sínú irà?"

Ilé àdúrà kan wà lókè òkè tí wọ́n ti lè jí òkú. Ọ̀sán mẹ́ta la fi gbé e débẹ̀, iná sì lọ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí a tó fi ìrìn náà pa mọ́ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, a sì tún un rìn láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà dìde, Àlàájà sọ fún ojú kọ̀ǹpútà pé, "Ẹ kú ewu."

Ní ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ oṣó náà, ẹ̀mí méjì péré ló kù fún jagunjagun. Mo ti na ìka sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sá. Àlàájà di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ Ọ̀fà ni ọ́. Ìjàkadì lorò wa. Dúró jà." Onídán ló fi agbára tó kù lára rẹ̀ ṣẹ́gun. Ìdènà odò fọ́, àwọ̀ búlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún ojú ọ̀nà tó gbẹ, díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́rin, márùn-ún jáde, pé a kú iṣẹ́, pé àwọn ará ìlú ń dúpẹ́. Àǹkù kà á, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Àlàájà gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà pé kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin délé láyọ̀, kí wọ́n bá ilé dáadáa. Ilé ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé wa, Àǹkù sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àmín tirẹ̀ ló ròkè jù.

Èsì ìdánwò mi jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì gbè mí lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń dirù, Àlàájà mú lẹ́tà ìpàdé ẹgbẹ́ wá. Mo jókòó láti tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde.

Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó. Ìlà mẹ́rin ni lẹ́tà náà, ní Yorùbá. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ìrun àlàásárì nígbà tó fi ìka kan yẹn tẹ àmì ìdánudúró tó kẹ́yìn. Àǹkù yọ ìwé náà nínú ẹ̀rọ, ó kà á, ó ní ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ti lé nínú "ìpàdé", pé ká tún un ṣe kíákíá.

Àlàájà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ká a sínú báàgì rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."