Akàn Lọ, Ìjọ Ń Dúpẹ́

Òórùn ìwúkàrà tó ti kan ló máa ń jí wa láàárọ̀ Sátidé, láti ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri wa ní Agége. A ó wọ sùtánà, Mọ́mì á gbé ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn, ó di etí odò tí ìjọ wa ti ń wẹ̀ fún àdúrà. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọmọ Aládùúrà nígbà náà, ẹ mọ bí omi yẹn ṣe máa ń tutù.

Akàn ni wàhálà ibẹ̀, wọ́n ń já wa lẹ́sẹ̀. Edé àti ìṣáwùrú náà wà, ọmọ lámilámi tí kò tíì hu ìyẹ́ sì ń rìn lábẹ́ òkúta. Èmi fẹ́ràn wọn. Àwọn ìyá ìjọ kò fẹ́ rí wọn rárá, wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run lé gbogbo ohun tó ń rákò kúrò nínú omi mímọ́.

Ó sì ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà fẹ̀ sí i, wọ́n la gọ́tà wọn sínú odò. Àwọn onílé òkè náà da ṣalángá síbẹ̀. Òkúta di aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀. Edé kọ́kọ́ lọ, akàn tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ ohun tí ìjọ ṣe o: wọ́n dúpẹ́! Bàbá Aládùúrà ní, "Ẹ yin Olúwa, omi wa ti mọ́!" Mọ́mì jó títí ìborí wọn fi bọ́.

Mo ní, "Mọ́mì, àwọn kòkòrò pupa kan ṣì wà nínú ẹrẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Gbé kẹ́ẹ̀gì."

Omi kẹ́ẹ̀gì yẹn ni Fẹ́mi, àbúrò mi, mu fún àdúrà. Ìgbẹ́ gbuuru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n tún bu omi náà fún un, àfìgbà tí Dádì pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Iṣẹ́ kòkòrò odò ni mo wá ń ṣe, àwọn ni mo fi ń mọ̀ bóyá omi mọ́. Mo máa ń fi àwọ̀n gbọn ìsàlẹ̀ omi. Tí mo bá rí edé àti ọmọ lámilámi, ọkàn mi á balẹ̀. Tó bá jẹ́ kòkòrò pupa nìkan, ìdọ̀tí ti bọ́ odò náà ní àbọ́jù nìyẹn, ewé omi ti kún un, afẹ́fẹ́ tí edé àti akàn ń mí nínú rẹ̀ ti tán.

Lóṣù tó kọjá, Fẹ́mi, tó ti di wòlíì, fẹ́ ri ọmọ rẹ̀ bọmi nínú odò yẹn gan-an. Mo gbé àwọ̀n lọ, mo sì da ohun tí mo gbọn sínú àwo funfun síwájú rẹ̀. Kòkòrò pupa ló kún ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Sìstá mi, ẹ fi àyẹ̀wò sílẹ̀ jàre. Kò sí akàn kankan tó máa já ọmọ mi níbí."

Fẹ́mi! Ìwọ tí wọ́n pọ̀n lọ sí ọsibítù!

Nígbà èwe, wọ́n ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ká aṣọ sókè, mo wọnú omi, mo dúró gbọn-in síbi tí wọ́n ti fẹ́ ri ọmọ náà bọmi. Mọ́mì pariwo látorí àga wọn létí odò pé ẹnu mi ti pọ̀ jù.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ni."