Mo Sá fún Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo so gáàsì mọ́ ọkọ̀ oníbàárà ni mo dójú ti ara mi, ojú gbogbo Ṣógúnlé ló sì ṣe.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìkìrun. Nígbà tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n, wọ́n kó wa lọ kọ́ bí a ṣe ń so sílíńdà mọ́ ọkọ̀ kí ó lè máa fi gáàsì rìn, kí èéfín rẹ̀ sì dín kù. Mo yege. Àmọ́ kí n má parọ́, èmi yìí kan náà ni mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ pé bọ́ǹbù ni wọ́n fẹ́ gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ náà wọ orí mi, kò tíì dé àyà.

Ìyá Bísọ́lá ló kọ́kọ́ wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ iléèwé ní Okota.

"Ṣé kò ní bú gbàmù? Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kó o."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ó séèfù ju fúẹ́ẹ̀lì lọ."

Àṣé ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo fi omi ọṣẹ ra gbogbo oríkèé páìpù, nítorí ibi tí gáàsì bá ti ń jò, ọṣẹ yóò máa hó níbẹ̀. Kò síbi tó jò. Àṣà wa ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni pé ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe ni yóò jókòó ti ẹni tó ni ín nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣíná sí i. Ìyá Bísọ́lá wọlé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì sílẹ̀ dè mí.

Mo ní kí n lọ mú sípánà. Kò sí sípánà kankan tí mo fẹ́ mú. Ẹ̀yìn ògiri àwọn oní-fọkanáísà tó ń lẹ táyà ni mo lọ dúró sí, mo fi ìka di etí.

Ẹ́ńjìnì náà bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí mo máa yọjú, Ìyá Bísọ́lá ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wò mí.

"Ṣé ibẹ̀ ni sípánà ń gbé?"

Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ojú gbà mí tì.

"Tú u kúrò lára mọ́tò mi."

Mo tú u. Ìròyìn gba àdúgbò kan pé ẹni tó ń so gáàsì gan-an ń sá fún un. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sí awakọ̀ kan ní sàkáání wa tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gáàsì sétí. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Níkẹyìn, mo so ó mọ́ ọkọ̀ tèmi, mo wà á lọ sí Okota, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ n bá yín so ó padà. Màá jókòó tì yín."

Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Sílíńdà tuntun wà níbẹ̀.

"Ọmọbìnrin kan ló bá mi ṣe é l'Éjìgbò. Nígbà tí mo fẹ́ ṣíná, ó gbé ọmọ ẹ̀ wọlé, ó jókòó tì mí. Gáàsì ò bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lo bà mí lẹ́rù."

Láti ìgbà náà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tí mo bá so gáàsì mọ́. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé ìgboyà ni. Ìtìjú ni.