Oògùn Irun Tí Ọ̀gá Gúnrégé Lò

Alágbàfọ̀ ni ọkùnrin náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju yàrá kan àti ààbọ̀ lọ. Ìyàwó ló ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, òun ló sì ń tú àpò aṣọ wò kó tó kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, nítorí ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé sínú àpò kọjá àfẹnusọ. Ọkọ ló ń lọ aṣọ. Bó bá lọ ṣòkòtò tán, ìlà iwájú rẹ̀ á mú bí abẹ, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì á sì dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó má mira. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Ọ̀gá Gúnrégé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo tí kò gún régé lára rẹ̀ ni irun orí rẹ̀. Àtìgbà tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni irun náà ti ń fà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí omi odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó fi máa pé ọdún mọ́kàndínlógójì, àárín orí ti ń dán, ó ku ẹ̀bá etí àti ìpàkọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, tí orí tirẹ̀ ti pá láti ìgbà ọ̀dọ́, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Àbúrò, káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa. Àwa kì í ra ìyàrun." Gúnrégé á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ètè lásán ni.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe ọjọ́ tó lọ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin nílé ìwé. Tíṣà tuntun kan ló wà lẹ́nu géètì. Ó wo ọkùnrin náà, ó yíjú sí ọmọ, ó ní, "Gbé báàgì ẹ, bàbá àgbà ẹ ti dé." Ọmọ ọdún méje náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì mi nìyẹn, mà." Tíṣà bẹ̀bẹ̀ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Gúnrégé ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń rìn lọ sílé, tí ọmọ ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ pa àárín orí. Ọdún márùn-ún péré ló fi ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí òun bá jọ bàbá àgbà, kí làwọn èèyàn ń rò bí wọ́n bá rí àwọn méjèèjì pa pọ̀?

Omi kan ló kọ́kọ́ rà, èyí tí wọ́n ń kán sórí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Balùwẹ̀ ló ti ń kán an, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, irun tó ṣẹ́kù tún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìwé inú páálí ti sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kó tó sunwọ̀n, nítorí náà ó fara dà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, tó ń bó bí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti gbó. Ẹ wo alágbàfọ̀ tí èépá orí rẹ̀ ń já bọ́ sórí kóòtù dúdú oníbàárà! Ó di dandan kó máa dé fìlà nínú ooru áyọ́ọ̀nù. Ìyàwó béèrè ìdí rẹ̀, ó ní nítorí òógùn ni. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé orí tó rán oògùn sí kò hu nǹkan kan, òkè ojú tí kò rán an sí ni irun wẹ́wẹ́ ti yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i, ó ní, "Àbúrò, ó jọ pé irun ẹ ṣìnà."

Ó pa omi yẹn tì. Oníkẹ́míìsì kan ládùúgbò ló wá fún un ní oògùn oníhóró. "Ẹyọ kan lóòjọ́. Ẹ máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Kò bi í ní ìbéèrè kankan, kò sì sọ ohun tí oògùn náà lè fà. Gúnrégé fúnra rẹ̀ kò béèrè.

Ká má parọ́, oògùn náà jẹ́. Ní oṣù kẹrin, irun múlọ́múlọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín orí. Ó ń fi ọwọ́ pa á nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ bíi méjì ló fi jẹ́ ọmọkùnrin padà.

Ṣùgbọ́n bí irun ti ń dé, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan mìíràn ti ń lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ara rẹ̀ kì í dáhùn sí ìyàwó rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọkàn ń pe ara, ara ò jẹ́ ẹ. Ó kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó tún ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Nígbà tó yá, kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń yíjú sí ògiri ni. Ìyàwó kò béèrè, torí irú èèyàn tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì ni.

Lẹ́yìn náà ni àárẹ̀ dé. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn ti mọ́ ọn lára tipẹ́, oorun sì máa ń fọ̀ ọ́ dànù. Èyí ń bá a jí ni. Á dúró ti tábìlì, á gbé áyọ́ọ̀nù sókè, á sì gbàgbé èyí tó kàn láti lọ̀. Bó bá jókòó, ẹkún á dé sí i lọ́fun láìnídìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jó aṣọ funfun nọ́ọ̀sì kan. Àmì áyọ́ọ̀nù hàn gbangba lẹ́yìn aṣọ náà bí ìgbà tí ẹni tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Fún ogún ọdún tó ti ń lọ aṣọ, kò jó ọ̀kan rí. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó.

Àyà rẹ̀ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí okùn épírọ́ọ̀nù bá kan orí ọmú rẹ̀ òsì, á ta gìrì. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó bá kókó kan níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ni ọkàn rẹ̀ lọ sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì wá sí i lọ́kàn rárá pé ọwọ́ oògùn irun ló ti ń jìyà, torí lójú tirẹ̀, oògùn orí ni, orí náà ló sì ń bá ṣiṣẹ́.

Ìyàwó ló rí oògùn náà. Ó ń tú àpò aṣọ bó ti máa ń ṣe, ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ó bá káàdì oògùn níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti tán. Ó dúró títí oníbàárà tó wà níbẹ̀ fi lọ, ó wá fi í lélẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù.

"Dádì wọn, kí lèyí?"

Ọkùnrin náà fa fìlà rẹ̀ wá sójú.

"Mo ní kí lèyí? Oṣù méje lẹ ti ń kẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Àṣé oògùn agbára lẹ ń lò fún ará ìta, ẹ wá ń gbé ìyókù wálé fún mi. Ìyókù ọ̀hún gan-an ò sì kù!"

Ohun tó ya ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀. Kó jẹ́ oníṣekúṣe lójú ìyàwó rẹ̀ dà bíi pé ó sàn ju òtítọ́ lọ. Ó ti fẹ́ dákẹ́ kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ló rí ọwọ́ obìnrin náà lórí tábìlì, ọwọ́ tí ọṣẹ ti là lára.

"Irun ni," ló wí.

"Irun kí ni?"

"Oògùn irun ni. Ó ń mú irun hù. Wò ó." Ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀.

Obìnrin náà wo orí náà títí. Ó wá lọ jókòó lórí òkìtì aṣọ ibùsùn tí wọn ò tíì fọ̀. Gúnrégé ti ń retí ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Oṣù méje," ló ní. "Mo ti bi ara mi pé kí ni mo ṣe. Mo ti wo ara mi nínú dígí, mo ní bóyá mo ti sanra jù, bóyá mo ti gbó. Irun."

"Má bínú."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ hu irun?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ tíṣà fún un. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ẹ ò sì lè sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Ẹ̀yin kì í sáà rí ìpàkọ́ ara yín. Èmi ni mò ń rí i. Mo ti mọ̀ pé orí yẹn ń pá kẹ́yin alára tó mọ̀, ẹ sì rí i pé mi ò lọ síbì kankan."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ti bẹ̀rẹ̀, Gúnrégé sọ tàyà tó ń dùn ún pẹ̀lú. Ìyàwó dìde, ó fọwọ́ tẹ ibẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Kò tún bá a jà mọ́. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà tó gbà wọ́n, obìnrin ni, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó rẹ òun náà. Ó béèrè pé, "Oògùn wo lẹ ń lò?"

"Mi ò lo oògùn kankan, dókítà."

Ìyàwó gbé káàdì náà ka orí tábìlì.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ló ń lo èyí tí nǹkan kan ò ṣe. Àwọn díẹ̀ ló máa ń ṣe báyìí, ẹ̀yin sì wà nínú wọn. Ẹ dá a dúró lónìí. A máa ya àwòrán àyà yín ká lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní ti ìyókù, ó lè gba oṣù mélòó kan. Mi ò lè búra fún yín pé gbogbo ẹ̀ ló máa padà bó ṣe wà."

"Irun ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀.

"Irun á lọ," ni dókítà wí. Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ lórí igi tó tún ń wo òkè igi náà. Lójú ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀: "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Dádì wọn."

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń dúró de èsì àyẹ̀wò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí i. Gúnrégé ro gbogbo ẹjọ́ náà, ó sì ń dúró de yẹ̀yẹ́ tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yí ìpàkọ́ sí àbúrò rẹ̀, ó sì fi ìka sí ojú àpá kan tó dán, tó fẹ̀ tó ojú àtàǹpàkò.

"Ìpara tó ń mú irun hù ni," ló wí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó jó mi bí iná. Mo sọ fún Màámi pé iná iṣẹ́ ló ta sí mi lórí. Ṣé o rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyí, tí mò ń fi orí mi ṣẹ̀fẹ̀? Mo kọ́ ẹ̀fẹ̀ náà ni."

Èsì dé, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n dúpẹ́, àmọ́ kò sí agbára àtiyọ̀ lára wọn. Gúnrégé padà lọ bá oníkẹ́míìsì, kí ìyẹn lè máa kìlọ̀ fún ẹlòmíràn tó bá wá ra irú ẹ̀. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ara yín ló yàtọ̀," ló ní, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn. Gúnrégé rò ó pé kí òun bínú, ó rí i pé ìbínú náà fẹ́ agbára. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Irun lọ lóòótọ́. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó wà lórí ìrọ̀rí, ó wà nínú ihò omi balùwẹ̀, títí kò fi sí èyí tó lè já mọ́. Ẹkún tó máa ń dé lọ́fun ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni àárẹ̀ ń fúyẹ́, lónìí díẹ̀, lọ́la kó tún wúwo. Kókó àyà rọ̀, kò tán. Ọ̀rọ̀ ibùsùn òun àti ìyàwó rẹ̀ náà ń bọ̀ bí àlejò tí kì í dá ọjọ́: ó lè dé lọ́sẹ̀ yìí, kó má sì tún yọjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Sùúrù ni wọ́n ń ní, ohun mìíràn kò sáà sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ wọn ń ṣeré lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìyàwó na ara sórí àga gígùn, ó gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọkọ ń fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí ìdúró gbogbo ọ̀sẹ̀ máa ń kó sí.

"Ṣé ó rẹ̀ yín?" ni obìnrin náà béèrè, ojú rẹ̀ ti ń pàdé.

"Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. Ẹ tẹ apá ìsàlẹ̀ yẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ tí mímí rẹ̀ yí padà, tó mọ̀ pé ó ti sùn. Kò gbé ẹsẹ̀ náà kúrò. Ó fi orí ti ògiri, òun náà sì di ojú.